Èènì

Wákàtí mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe èènì sí tíkẹ́ẹ̀tì mi
ní Áísílándì, èènì tí n kò bèèrè.
Kí ni kí n fi ṣe?
Bọ́ọ̀sì ìlú wà: àlọ, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta;
àbọ̀, bẹ́ẹ̀ náà, bí táyà kò bá jò.
Adágún omi gbígbóná wà,
ṣùgbọ́n owó ìwọlé rẹ̀ á ra bàtà iléèwé fún Ìbídùn.
Mo ṣírò, mo pa á rẹ́, mo tún ṣírò
lẹ́yìn rìsíìtì kọfí.

Hallbera tó ń ta kọfí wo aago, ó wò mí:
“O ti fi wákàtí márùn-ún ronú.
Ìyá mi ní, ẹni tó bá ń ṣa ẹja títí,
ológbò ni yóò bá a ṣà á.”
Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn.

Aago mọ́kànlá alẹ́, oòrùn ṣì jókòó létí òkun
bí àlejò tí kò mọ ìgbà tí onílé fẹ́ sùn.
Lẹ́yìn ibi ìgbọ́kọ̀sí, àpáta dúdú,
koríko tí kò ga ju èékánná lọ bò ó.
Mo bọ́ bàtà.
Ó tutù. Ó rọ̀ ju bẹ́ẹ̀dì mi lọ.

Nígbàkúùgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí,
wọ́n ń pe orúkọ ẹnìkan nínú lọ́hùn-ún.
Kì í ṣe tèmi.
Kò tíì jẹ́ tèmi.