Eyín Ayùn

Bí ẹ bá ń ti Òkè-Àgbò bọ̀ sí Atìkòrì, n'Íjẹ̀bú-Igbó wa níbí,
ẹ ó ti gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i:
ayùn ńlá inú sọ̀mílì Bàbá Ṣóràndé
tó ń ké bí ẹni tí wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.
Gbogbo wa la ti di etí sí i.
Ìbídùn nìkan ló fi orí ti ògiri páànù,
ó ní, "Ohùn kan ṣoṣo ni. Ó ń wá orin tí yóò wọ̀."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.
Jìtá àkọ́kọ́, pákó ìrókò tó là, tí oníbàárà kọ̀;
wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ la fi ṣe okùn rẹ̀.
Ó gé e níka, ó fi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀ náà,
ó tún ta á.
Ìyá rẹ̀ ní ayún ló ń yún ọmọ yìí lọ́wọ́.
Rárá, ìyá. Ayùn ni.

A di mẹ́ta: Ìbídùn, èmi tí mo di béèsì mú,
àti Ṣẹ́gbùyì ọmọ fọganáísà
tó ń lu ìlù bí ẹni ń lé olè.
Rọ́ọ̀kì là ń ṣe. Wọ́n ní, "Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?
Àbí inú ń bí yín ni?"
Bẹ́ẹ̀ ni. Díẹ̀.

Gbọ̀ngàn l'Ójówó, alẹ́ Sátidé, òjò ńlá.
Èèyàn mọ́kànlá. Mẹ́rin nínú wọn ń dúró kí òjò dá.
Jẹnẹrétọ̀ kú láàárín orin kẹta,
Ìbídùn ò dúró. Nínú òkùnkùn ló ti kọ ọ́,
orin ìka méjì tí ayùn gé lọ́wọ́ bàbá rẹ̀,
bí bàbá ṣe wá wọn nínú ìyẹ̀ pákó títí ilẹ̀ fi ṣú,
tó wá jókòó, tó fi ọwọ́ òsì bu ìkókoré,
tí kò sọ nǹkan kan.
Òjò dá. Kò sẹ́ni tó dìde.

Yàrá mi la ti gba orin mẹ́fà sílẹ̀,
bẹ́ẹ̀dì lójú fèrèsé, aago méjì òru.
Ewúrẹ́ kan ké nínú ìkẹrin. A fi í síbẹ̀.
Ẹnì kan ránṣẹ́ láti Jọ́ọ̀sì pé orin ìka kò jẹ́ kí òun sùn.
Owó tó kàn wá, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà lórí kọ̀ọ̀kan:
gàrí, omi tútù, kò sí ẹ̀pà.

Ọkùnrin kan wá láti Èkó, bàtà rẹ̀ ń dán.
Ó ní, "Ohùn rẹ dáa. Yọ ariwo kúrò, fi ijó sí i."
Ìbídùn ní, "Ariwo wo?"
Sọ̀mílì ń ké lẹ́yìn ọkùnrin náà lọ́wọ́.

Èmi ni mo kọ́kọ́ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má parọ́ fún yín.
Ọmọ dé lóṣù Mááṣì, ilé ìwòsàn kì í gba orin.
Mo ta béèsì fún ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì kan l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè.
Nígbà tí mo sọ fún un, ohun tó bi mí ò ju èyí lọ:
"Ṣé ó mọ ibi tí ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀?"

Ọdún mẹ́fà. Ìbàdàn ló wà báyìí,
onílù mìíràn, àwọn gbọ̀ngàn tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.
Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Kì í fìgbà gbogbo pariwo mọ́;
ó ti mọ ibi tí ayùn ti máa ń mí
kí wọ́n tó ti gẹdú mìíràn sí i lẹ́nu.

Orin tuntun rẹ̀ wọlé sórí fóònù mi lánàá.
Èmi ni mo ń bójú tó sọ̀mílì látìgbà tí ojú bàbá ti di bàìbàì.
Mo ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ.
Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta.
Kò sí béèsì nínú rẹ̀.
Lábẹ́ ẹsẹ kejì ó fi àyè kan sílẹ̀,
ó fẹ̀ tó pákó kan, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ìka mi ti wà lára igi kí n tó mọ̀.
Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń wò mí.
Mi ò tíì ní kí wọ́n tan ayùn padà.