Tàdáwà Pupa

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ orí kejì,
ẹ̀ẹ̀mẹta ni tàdáwà pupa gbé e mì.
Lójú ìwé kìíní, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣówùnmí kọ ọ́ wẹ́rẹ́:
"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"
Lójú ìwé kẹrin: "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"
Lójú ìwé kọkànlá, kò tilẹ̀ kọ nǹkan kan,
ó kàn fa ìlà gbọọrọ
bí ejò tí wọ́n pa sójú ọ̀nà.

Mo sọ̀kalẹ̀ láti àjà kẹta l'Ákọkà,
mo lọ jókòó létí ọ̀sà,
mo ń wo àwọn apẹja tó ń ju àwọ̀n.
Mo ní, àwọn wọ̀nyí kò ní alábòójútó,
ẹja kì í bi wọ́n pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ mi kò ju kànga lọ:
kànga Òkè Pópó, kànga Ìta Fájì,
ìgbà wo ni iyọ̀ ń wọ̀ wọ́n, kí ló sì fà á.
Mo ti ka ìwé àwọn ará òkè òkun
tí kò gbọ́ rí bí omi Òkè Pópó ṣe ń dún
nígbà tí korobá bá kọ́kọ́ kàn án.
Mo kó orúkọ òǹkọ̀wé jọ bí ẹni ń ṣa ìkarahun:
wọ́n pọ̀, wọ́n ń dán,
kò sí ẹran nínú ẹyọ kan.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ọ̀jọ̀gbọ́n ránṣẹ́ pè mí.
Ó fa ìdì bébà kan yọ lábẹ́ tábìlì,
bébà tó ti pọ́n bí ewé àgbàdo gbígbẹ.
"Tèmi rèé," ó ní, "nígbà tí mo wà nípò rẹ."
Mo ṣí i. Pupa. Pupa látòkè délẹ̀,
ọwọ́ olùkọ́ kan tó ti dolóògbé
tó ń bi Ṣówùnmí ọ̀dọ́ pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀.

A rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ lẹ́nu wa.
Ó ní lórí ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí, mo ti kọjá òun,
ká kúkú jọ máa wá a kiri ni.
Ó kọ ohun mẹ́ta sẹ́yìn àpò lẹ́tà:
ìwé àṣekágbá ẹnì kan tó ń jẹ eruku ní yàrá ìkàwé,
orúkọ bàbá tó ń tọ́jú àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ ní Bróòdù,
àti ẹ̀kẹta, tó fàlà sí nídìí:
"Bi ẹni tó ń pọn ọ́n."

Bí mo ṣe dé ilé Màmá Àwáwù nìyẹn.
Mo yọ fọ́ọ̀mù mi, ogún ìbéèrè,
*ó dára, ó dára díẹ̀, kò dára rárá*.
Màmá gbà á, ó fi lé eṣinṣin.
"Ìwọ, máa bọ̀."
Lẹ́yìn kànga, lára ògiri tí òjò kì í dé,
èédú:
ìlà kan fún oṣù tí omi dùn,
òdo kan fún èyí tó níyọ̀.
"Ìyá ọkọ mi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kò mọ̀wé.
Ó kàn fẹ́ mọ ìgbà tó yẹ kóun tọ́jú owó omi ni."
Ọdún mọ́kàndínlógójì.
Mo kà á títí omi fi bọ́ lójú mi,
iyọ̀ tiẹ̀ tún lọ́tọ̀.

Mo pe Ọ̀jọ̀gbọ́n lórí fóònù:
báwo lèèyàn ṣe ń tọ́ka sí ògiri?
Ó dákẹ́. Mo rò pé káàdì mi ló tán.
"Kọ orúkọ rẹ̀. Ní kíkún.
Kọ ti ìyá ọkọ rẹ̀ náà."

Orí kejì padà dé lọ́jọ́ Ajé.
Níbi tí mo kọ Àwáwù sí,
tàdáwà pupa ò bi mí pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀.
Ohun tó kọ síbẹ̀ ni:
"Iléyá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Wọn ò ní kun ilé yẹn báyìí?
Dìde. Sáré lọ ya àwòrán ògiri."