Ẹni Tó Ń Mu Iná Lóru

Ọjọ́ kẹta rèé tí mo yí kọ́kọ́rọ́,
tí tirákítọ̀ kékeré dá mi lóhùn, "kẹ́",
bí ẹni tó fẹ́ húkọ́ tó tún gbé e mì.
Koríko pápá ilé-ìwé wa ní Ìdí-Àbà ti dé orúnkún,
àwọn ọmọ ń wá bọ́ọ̀lù bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́,
ọ̀gá àgbà ń wò mí láti ojú fèrèsé.

Ó ti darúgbó, mi ò jiyàn.
Ọdún tí wọ́n gbé e dé, irun orí mi ṣì dúdú.
Ìjókòó rẹ̀ ti ya, àpò sìmẹ́ńtì ni mo fi dí i.
Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ abẹ́ rẹ̀ ṣì mú;
bó bá ti gbaná, a máa jẹko bí àgbò tó já okùn.

Wọ́n ra bátìrì tuntun fún mi ní Kútọ̀, akápò kùn títí.
Lálẹ́ ọjọ́ náà mo yí i, ó bú ramúramù.
Ilẹ̀ mọ́: "kẹ́".

Ọkàn mi ní, Làmídì ni.
Làmídì tá a jọ ń ṣọ́ géètì,
tí fóònù rẹ̀ ń tàn yòò nígbà tí gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn.
Mi ò dárúkọ. Mo kàn sọ òkò ọ̀rọ̀ lọ ni:
"Ẹni tó ń fa iná oníná lóru, kó rọra o."
Kò fèsì. Ó gbé àga rẹ̀ lọ sábẹ́ igi máńgòrò.
Láti ọjọ́ náà, ẹ̀kọ tá a ti ń pín jẹ,
kálukú ń ra tirẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni Ṣíjúadé dé láti Asérò,
ọmọ rewáyà, rewáyà fúnra rẹ̀.
Kò bèèrè ta ni. Ibo ló bèèrè.
Ó tú wáyà dúdú kúrò lórí bátìrì,
ó fi gílóòbù kékeré sáàárín àwọn méjèèjì,
ó ní, "Bàbá, kọ́kọ́rọ́ dà?"
Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ẹ́ńjìnì sùn.
Síbẹ̀ gílóòbù ń tàn, fẹ́ẹ́rẹ́,
bí ojú ẹni tó ń díbọ́n oorun.

Ó yọ fíúsì. Ó ń tàn.
Ó tú wáyà iná iwájú. Ó ń tàn.
Súwíìṣì abẹ́ ìjókòó tí eku ti jẹ létí: ó ń tàn.
Oòrùn ti ń wọ̀ lẹ́yìn àpáta
kó tó nawọ́ sí àpótí irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì.
Rẹ́kítífáyà, ó ní. Aṣọ́nà ni.
Bí ẹ́ńjìnì bá ń sáré, á jẹ́ kí iná wọlé;
bó bá sùn, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí nǹkan kan jáde.
Ó fa wáyà rẹ̀ yọ.
Gílóòbù kú.

Aṣọ́nà. Bíi tèmi.
Ó dúró, ó ń wo iwájú,
ẹrù ilé ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ jáde.
Wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà;
èmi wá a dé oko aládùúgbò.

A ó rí àlòkù kan rà ní Lafẹ́nwá.
Títí dìgbà náà, lálaalẹ́ ni mo ń tú wáyà dúdú,
láràárọ̀ ni mo ń dè é padà.
Koríko ti wálẹ̀. A rí bọ́ọ̀lù mẹ́ta, bàtà kan.

Lálẹ́ àná mo gbé ẹ̀kọ mẹ́fà lọ sábẹ́ máńgòrò.
Làmídì wo ẹ̀kọ, ó wò mí,
ó ní, "Ṣé o ti tú wáyà bátìrì?"
Mo ní mo ti tú u.
Ó ṣí ewé kan.