Eegun Méje

Èmi ni mo jókòó láàárín wọn,
tí mò ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀kan, tí mò ń kó o sétí èkejì.
Iṣẹ́ ògbufọ̀ nìyẹn:
wọn á yá ẹnu rẹ lò,
wọn ò ní bi ọ́ léèrè ohun tó wà níkùn rẹ.

Àgọ́ onírun àgùntàn la fi ṣe ilé ẹ̀kọ́
lókè Sari-Tobo, níbi tí igi kan kì í hù
tí ẹnì kan ìbá fi pẹ̀ka rẹ̀ ní kékeré.
Oṣù mẹ́ta péré ni. Bí yìnyín bá ti ń padà bọ̀,
a ó tú àgọ́, a ó dì í lé ẹṣin lẹ́yìn,
àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á bá ẹran bàbá wọn sọ̀ kalẹ̀.
Ọmọ mọ́kànlá.
Èyí tó dàgbà jù ò tíì pé ọdún mẹ́fà,
èyí tó kéré jù ṣì ń mu àtàǹpàkò.

Millaray wá láti Ṣílè. Ó wọ ọkọ̀ òfurufú mẹ́rin,
ó tún gun ẹṣin kan tí kò fẹ́ràn rẹ̀.
Ó gbé àpótí dání: igi wẹ́wẹ́ aláwọ̀ mèremère
tí àwọn ará Fínláǹdì gé, tí wọ́n fá títí ó fi jọ̀lọ̀;
owó rẹ̀ ti Japan wá,
ìwé ìlànà rẹ̀ wà ní èdè mẹ́fà,
tiwa ò sí níbẹ̀.

"Sọ fún olùkọ́ pé ìdàgbàsókè ọmọ ni mo bá wá."
Mo wá ọ̀rọ̀ náà nínú èdè wa, mo wá a tì.
Mo ní, "Burmakan, ó ní òun fẹ́ mọ
ọ̀nà tí ọmọ ń gbà di ènìyàn."
Burmakan rẹ́rìn-ín. "Ó mà rìn jìnnà o!
Ẹ fún un ní tíì."

Saykal ni wọ́n kọ́kọ́ pè, ọmọ ọdún mẹ́rin.
Àwọ̀ wo nìyí? Ó dákẹ́.
Mélòó nìyí? Ó ń wo bàtà àlejò.
Millaray fa ìlà kan sínú ìwé rẹ̀.
Mo mọ ohun tí ìlà yẹn ń wí.
Ẹnikẹ́ni ò ní kí n túmọ̀ rẹ̀.

Ìgbà tí tíì tutù tán
ni ọmọ náà ki ọwọ́ bọ àpò,
ó kó eegun ọrùn-ẹsẹ̀ àgùntàn jáde,
àwọn tí ọwọ́ ìyá àgbà ti pa títí wọ́n fi ń dán bí òkúta odò.
Ó dà wọ́n sílẹ̀. Ó tẹjú mọ́ wọn.
"Mẹ́ta dojú délẹ̀. Méjì nà gbalaja.
Ọ̀kan dúró bí ẹṣin.
Ọ̀kan ti sá lọ."
Ó rákò yí àgọ́ ká, ó ń tú etí ẹní,
títí ó fi dé orúnkún àlejò.
"Méje. Dìde."

Ìyẹn ò bèèrè ògbufọ̀. Àlejò dìde.

Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ta, ó pàdánù,
ó tún ta. Saykal mú ìka rẹ̀,
ó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ kó tẹ̀.
Àwọn yòókù ti fi igi Fínláǹdì kọ́ ọgbà
fún eegun tó bá fẹ́ sá,
ọgbà pupa, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ aláwọ̀ ewé.
Ẹnikẹ́ni ò pe ìpàdé.
Millaray ò pa ìlà àkọ́kọ́ rẹ́;
ó kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní èdè ìyá rẹ̀ àgbà,
n kò lè kà á.

Nígbà òtútù, lẹ́tà dé láti Ṣílè. Fọ́tò wà nínú rẹ̀:
àwọn ọmọdé dọ̀bálẹ̀ yí eegun àgùntàn tiwọn ká.
Wọ́n ní kí n bi Saykal:
bí ọ̀kan bá já sínú iná, mélòó ni ká kà?

Ó ronú pẹ́. Ó fa ikùn imú.
"Ní kí wọ́n kà á pé méje,
kí wọ́n sì máa wá a."

Bó ṣe wí i gan-an ni mo kọ ọ́ ránṣẹ́.