Màlúù Kẹrìnlá

Ní Oko-Ọba, lẹ́yìn ojú irin Agége,
Alájì Dísù kó abo màlúù mẹ́rìnlá síwájú mi.
"Dókítà, ọ̀sẹ̀ kan náà ni mo fẹ́ kí gbogbo wọn bímọ,
kí n lè tà wọ́n pọ̀, kí n san gbèsè báńkì."
Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń rán mi ní búrẹ́dì.

Oògùn náà kò kún ṣíbí tí a fi ń ro tíì.
Ṣùgbọ́n tó bá ti wọ ẹ̀jẹ̀,
ilé ẹyin ló ń lọ tààrà,
ọ̀dọ̀ kókó aláwọ̀ ìyeyè tó jókòó síbẹ̀
tó ń wí fún ara lójoojúmọ́ pé, dúró ná, kò tíì yá.
Oògùn á ní: kó ẹrù rẹ.
Kókó á rọ. Họ́mọ́ónù ìdúró á gbẹ.
Ọjọ́ mẹ́ta kò ní pé,
abo á máa ké, á máa gun ẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri ọgbà.

Mo ti gún mẹ́tàlá.
Hàmmádù di okùn kẹrìnlá mú, kò tú u fún mi.
"Ráné kọ́, Dókítà. Ráné ti ní."
Mo ní, "Alájì sọ pé kò sí akọ níbí."
"Alájì ń sùn ní Súúrùlérè.
Alẹ́ òjò yẹn, akọ ọgbà kejì kò sùn."

Mo wọ ìbọ̀wọ́ dé èjìká, mo ki ọwọ́ bọ inú ooru.
Rélùwéè kọjá, ilẹ̀ gbọ̀n,
ohun kan sì kan ìka mi, ó sá, ó tún padà wá,
bí àgbálùmọ̀ nínú ọ̀rá omi.

Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi kejì.
Oògùn tó ń pe oyún tuntun
ló ń lé èyí tó wà nílẹ̀ jáde.
Mo bojú wo àwọn mẹ́tàlá.
Hàmmádù ń ká okùn: "Àwọn yẹn ṣófo. Mo ti wò wọ́n lánàá."
Èmi tí mo ní ìwé, n kò wò.

Ìdájí ọjọ́ kẹta, mẹ́sàn-án ń ké,
aládùúgbò ń bú wa láti ojú fèrèsé.
Mẹ́rin kàn ń wò mí.
Ráné dùbúlẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ.
Alájì pè: "Mẹ́rìnlá pé?"
Mo ní, "Mẹ́sàn-án, Alájì.
Ọ̀kan sì ti ṣáájú wa."