Ìlà Kejì

Àbájí, oṣù kẹta. Oòrùn ti jí ṣáájú wa.
Tàlátù ṣí kúlà: yìnyín inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà
ti domi láti Kwali, kí a tó débí rárá.
Ọgọ́ta ọ̀pá ìdánwò ló sùn nínú páálí,
tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọmọdé.
Ìwé wọn ní kí ooru má kọjá ọgbọ̀n.
Mo wo tẹmómítà: méjìlélógójì.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìyẹn,
kì í ṣe kí n gbà wọ́n gbọ́;
kí n mọ ibi tí wọ́n ti máa ń purọ́.

Màlúù Sámbò kan sùn gbalaja lẹ́yìn ọgbà,
ẹ̀jẹ̀ dúdú nímú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí kò dì.
"Ẹ má dúńbú rẹ̀," mo ní, "ẹ má bó awọ rẹ̀,
ẹ má fọwọ́ kàn án."
Sámbò ò dá mi lóhùn. Ó ń ka àwọn tó kù.

Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan. Ẹ̀kán omi mẹ́ta.
Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ní Kábà, bàbá ìyá mi a máa ka ojú àlejò,
a kà á bí ẹni ka lẹ́tà,
a mọ ilé rẹ̀ kó tó dárúkọ.
Ojú kékeré lèmi náà jókòó tì yìí,
ojú tí kò nímú, tí kò lẹ́nu.
Bó bá kọ ìlà kan, ká relé.
Bó bá kọ méjì,
a ó gbẹ́ kòtò tó jìn ju ènìyàn lọ.

Ìlà kan yọ. A dúró.
Èkejì, àbí òjìji ìka mi ni?
Tàlátù lóun rí i. Mo ní n kò rí i.
Ìdàchábà, awakọ̀ wa, ní ká gbé e sí oòrùn.
Ojú mẹ́fà, ohùn mẹ́ta.
Fọ́ọ̀mù kò fàyè sílẹ̀ fún "bóyá",
mo bá kọ "bóyá" sétí ìwé.

Ilé àyẹ̀wò ní Gwagwalada yóò gba ọjọ́ mẹ́ta
kí kòkòrò tó hù nínú àwo.
Ta ni yóò sọ fún ẹran kó dúró nínú ooru yìí?
Ta ni yóò sọ fún ebi?
Ohun tó yá ò dájú, ohun tó dájú ò yá;
àárín méjèèjì ni Sámbò dúró sí pẹ̀lú ọ̀bẹ.

A sin ín. Ìyàwó rẹ̀ kò wò mí.
"Bóyá" ni mo fi sin màlúù ọlọ́màlúù.

Lọ́jọ́ kẹrin èsì dé:
nínú mẹ́rìnlá tó ní àrùn náà lóòótọ́,
ọ̀pá mú mọ́kànlá.
Mẹ́ta wo ojú wa kòrókòró, wọ́n ní kò sí nǹkan.
Ti Sámbò ńkọ́?
Wọ́n ní nọ́ńbà ara ìgò kan ti pa rẹ́,
òógùn ló fọ tádàwà rẹ̀.
Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, kì í ṣe ọwọ́ ọ̀pá.
Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.