Ọwọ́ Inú Ìkòkò

Ní Kokura, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí a sun òkú Hatsuyo,
mo ṣì ń jẹ búrẹ́dì inú ọ̀rá
àti núdù inú ike: omi gbígbóná, ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó parí.
Ikọ́ mú mi. Dókítà fún mi ní oògùn apakòkòrò.
Oògùn náà kò mọ ẹni ire, kò mọ ẹni ibi,
ó gbá gbogbo wọn lọ.
Ìfun mi dákẹ́ bí ilé ẹ̀kọ́ nígbà ìsinmi.
Ọjọ́ márùn-ún, n kò rí ìgbẹ́ yà.
Mo jókòó sí ilé ìyàgbẹ́ pẹ̀lú ìwé ìròyìn àná,
mo kà á títí dé ìpolówó ọkọ̀ àlòkù.

Rumiko pè láti Osaka:
“Bàbá, ẹ da ìkòkò yẹn nù. Kò sẹ́ni tó ń rò ó mọ́.”
Ìkòkò yẹn. Ìkòkò eèrí ìrẹsì abẹ́ tábìlì ìdáná,
tí ìyá Hatsuyo gbé lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa
dípò wúrà. Ó bí mi nínú nígbà náà.
Ojoojúmọ́ ló ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́,
ó ń rò ó sókè sódò, ó ń bá a sọ̀rọ̀,
ọ̀rọ̀ tí kì í bá mi sọ.

Mo ṣí i. Ohun funfun ti hù lé e lójú, bí irùngbọ̀n mi.
Mo fi ṣíbí ha á dànù. Lábẹ́ rẹ̀, òórùn kan dìde:
kíkan, iyọ̀, ewé òkun, ata gbígbẹ,
àti ọrùn ọwọ́ ìyàwó mi.
Wọn kò tíì kú, àwọn ẹ̀dá tí ojú ò tó,
tó ti ara ọwọ́ rẹ̀ ṣí wọ inú eèrí,
tí wọ́n ń bímọ lé ọmọ.
Ebi ló ń pa wọ́n.
Èmi náà.

Mo bu iyọ̀ sí i. Mo bu eèrí tuntun. Mo ká apá aṣọ.
Ó tutù bí ẹrẹ̀ oko tí mo ti ṣeré lọ́mọdé.
Mo ri kùkúńbà méjì mọ́ ọn, àti ìgbá kan.
Ilẹ̀ mọ́, mo fọ̀ wọ́n, mo gé wọn wúruwùru
(Hatsuyo ì bá rẹ́rìn-ín),
mo fi jẹ ìrẹsì. Kíkan rẹ̀ dé etí mi.

Ọjọ́ kẹta, kí aago mẹ́fà tó lù, inú mi kùn.
Mo sáré.
Ẹ má rẹ́rìn-ín: ẹni tí inú ò há mọ́ rí
ni kò mọ ohun tí à ń pè ní inú dídùn.

Mo pe Rumiko. N kò dárúkọ ilé ìyàgbẹ́.
Mo ní, bó o bá ń bọ̀, mú ike olómorí dání.
Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní, “Ṣé ẹ ń rò ó?”
Mo wo abẹ́ èékánná mi.
Eèrí wà níbẹ̀.